Ọjọ́ Tí O Kú Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Crisanto ọmọ mi, àkọ́bí inú mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Àwa náà wà, a dúpẹ́, orúnkún bàbá rẹ nìkan ni kò jẹ́ kó lè gun igi àgbọn mọ́, ẹlẹ́dẹ̀ wa sì bí mẹ́jọ. Màríà Mímọ́ yóò máa dáàbò bò ọ́ ní Manila níbi tí èèyàn pọ̀ bí eèrà. Àmín.

Ọmọ mi, ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a kóra jọ sílé Mano Tikyo, sójà tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ká lè wo eré àwọn ológun tí o ní o ti ríṣẹ́ sí nínú tẹlifíṣọ̀n. Bí mo ṣe rí ọ, mo ní ẹ wò ó, ọmọ mi nìyẹn! N ò tíì sọ ọ́ tán tí ìbọn fi dún, o ṣubú lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ. Igbe tí mo ké, àwọn adìyẹ sá kúrò lábẹ́ ilé. Mano Tikyo ní ọ̀dà pupa lásán ni, pé eré ni. Mo ní eré wo, ṣé òun ló bí ọ ni? Mo pè ọ́ lórí fóònù, obìnrin kan ló gbé e, ó ní kò sí bí a ṣe lè rí ẹni tí mò ń pè. Mo bi í pé ṣé mọ́ṣúárì lo wà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ, bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún kó má tú àṣírí. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà òkú ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án. Gbogbo àdúgbò wá, Mana Tasing tó wà lódìkejì ọ̀nà tiẹ̀ pa adìyẹ.

Ọjọ́ keje àdúrà leré náà tún dé, àfi bí mo ṣe rí ọ lẹ́yìn ọ̀gágun, tí ò ń jẹ ìrẹsì! Mo wólẹ̀, mo dúpẹ́. Mana Tasing ní ta ni yóò wá dá adìyẹ òun padà. Bàbá rẹ ní kó lọ bi ẹni tó jí òkú dìde.

Mano Tikyo ò rẹ́rìn-ín o, inú ló bí i. Ó ní ọdún mọ́kànlélógún lòun fi ṣe sójà, òun ò rí òkú tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rí. Ó ní ọgbẹ́ ọ̀gágun yẹn, apá òsì ló wà nígbà tó ń wọlé, ìgbà tó máa fi jáde ó ti bọ́ sí apá ọ̀tún, ìbọn kan ṣoṣo sì dún lógójì ìgbà láìki ọta sí i. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin sáwọn tó ni eré, ọ̀rọ̀ tìrẹ ló fi ṣáájú, ó sì kọ orúkọ rẹ tán pátá.

Ìbẹ̀rù mi nìyẹn. Báwọn ọ̀gá rẹ bá kà á pé o ti kú, ṣé wọn ò ní lé ọ? Àbí wọ́n á ní kó o padà lọ kú dáadáa? Kó tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, mo gbé ẹja gbígbẹ lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ orúkọ ọmọ mi. Ó ní òtítọ́ kì í jẹ ẹja gbígbẹ. Mo bú sẹ́kún. Ó mú bírò, ó fa ilà sórí orúkọ rẹ, ó wá kọ ọ́ pé, ọmọ ogun kan tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ó ní ó tó, kí n nu ojú mi. Ó gba ẹja náà ṣá.

Jọ̀ọ́, bówó bá wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́, ìjì ti ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, òjò ló ń bá wa dáná. Bí wọ́n bá sì tún fẹ́ pa ọ́, kọ̀wé sí mi ṣáájú.

Olúwa ò ní jẹ́ kí n fojú rí òkú rẹ, ìbáà ṣe ti òótọ́, ìbáà ṣe ti eré. Ìwọ ni yóò sin mí.

Èmi ni Nanay rẹ,
Saluding