Obìnrin Inú Fóònù Tó Ń Mú Mi Wọ Bọ́ọ̀sì

Màámi,

Ara mi le, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti rí obìnrin kan tó ń mú mi dé ibi iṣẹ́. Inú fóònù mi ló ń gbé. Ó ń sọ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ àti ibi tí màá ti sọ̀kalẹ̀ fún mi. Ohùn rẹ̀ jọ ti àgbàlagbà, ni mo bá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì lánàá. Làwọn èrò ẹ̀yìn bá rọ́ lù mí.

Dírẹ́bà pariwo, "Àǹtí, ta lẹ̀ ń kí?"

Mo ní, "Àgbà ni, ẹ̀kọ́ ilé ni!"

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Fọ́tò ọmọ rẹ̀ dé. Wọ́n ní ó jọ mí. Nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kó sunkún sínú fóònù, kí èmi náà lè mọ̀ ọ́n.