Wọ́n Fi Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀lù Lọ Ọmọ Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin Rélùwéè,
                                        Apá Òkè.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, àjọkọ́ṣẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó ń yọ eyín nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn, ṣé ó ti ń fi eyín náà gé yín jẹ? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ nídìí máṣíìnì ńkọ́? Jọ̀wọ́, máa dìde na ara. Iṣẹ́ kì í tán. Ní ti àwa níbí, a dúpẹ́. Ara le, ẹnu ń jẹ, òrùlé nìkan ló ṣì ń jò. Má bínú pé n kò tètè fèsì. Aṣọ bọ́ọ̀lù ni mo ń rán. Èmi kẹ̀! Jókòó kí n ròyìn fún ọ.

O mọ ojú irin tó pín àdúgbò wa sí méjì. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti jà nídìí ẹ̀rọ omi, ará òkè kì í sọdá sí ìsàlẹ̀, ará ìsàlẹ̀ kì í gòkè wá. Kò síṣẹ́, kò síbi ìṣeré, kí ni wọn ì bá tún máa ṣe bí kò ṣe kí wọ́n máa wá ara wọn níjà? Ọ̀rọ̀ náà wá sú nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré wa. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Aránṣọ, orí tí mo ti rán ládùúgbò yìí ti pọ̀ ju aṣọ tí ẹ̀yin ti rán lọ. Ó tó gẹ́ẹ́!" Ó ní òun fẹ́ ṣe àjọ̀dún eré ìdárayá fún gbogbo ọ̀dọ́, tòkè tìsàlẹ̀, lórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀. Àwọn aláṣẹ ìlú ti fún un láyè, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún un pé bí ìjà bá fi lè ṣẹlẹ̀, àwọn yóò gba ilẹ̀ náà, àwọn yóò sì sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Báyìí ni aṣọ ṣe di tèmi. Kọ́tìnì tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ni mo gé. Òkè gba aláwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ gba olódòdó. Inú bí àwọn ọmọbìnrin ìsàlẹ̀, wọ́n ní àwọn wá dà bíi fèrèsé pálọ̀. Mo ní ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ta ló tún ń wo aṣọ ọrùn rẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ọjọ́ pé, o ò bá wà níbẹ̀! Wọ́n sáré, wọ́n fa okùn, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ inú àpò, wọ́n ń tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n tún ní kí àwọn ìyá náà sáré. Èmi tí mo ti ń sọ látàárọ̀ pé "orúnkún mi, orúnkún mi," bí fèrè ṣe dún, n kò mọ ìgbà tí mo ká ìró sókè. Ìdí ni mo fi dé òpin eré náà. Òkè rẹ́rìn-ín, ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n fi kádìí rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi, Jẹ́jẹ́, tí o máa ń sọ pé ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣọ́wó, òun ló ń ṣọ́lé fún òkè. Wọ́n gbá a títí, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ọmọ ìsàlẹ̀ kan, Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn, gbá bọ́ọ̀lù kan tagbára-tagbára. Eruku sọ lálá! Òpó ilé kò ní àwọ̀n, bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó di ojú irin. Wọlé ni, àbí ẹ̀gbẹ́ ló gbà? Ìsàlẹ̀ ní, "Ó wọlé!" Òkè ní, "Irọ́ ńlá!" Èmi náà ń pariwo pé kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ìdí òpó tó wà ní apá kejì pápá lọ́hùn-ún ni mo wà, n kò tiẹ̀ rí bọ́ọ̀lù. Baba wẹ́dà àdúgbò wa, tó jẹ́ rẹfirí, ń nu eruku lójú.

Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ya wọ pápá. Ẹnì kan ti bọ́ṣọ, ẹnì kan ti he òkúta. Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. Baba wẹ́dà fọn fèrè títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, ó wá kígbe pé, "Ẹ dákẹ́! Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni n ó bi." Ó kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, wọlé ni àbí kò wọlé?"

Jẹ́jẹ́ wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wò mí. Ojú mi ń bá a sọ̀rọ̀, òtítọ́ kọ́ ló sì ń sọ. Ó ní, "Ó wọlé, sà. Inú òpó ló gbà."

Àwọn ará ìsàlẹ̀ gan-an kò rántí yọ̀. Ẹni tó he òkúta ń wò ó lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Fèrè dún. Ìsàlẹ̀ jẹ góòlù kan, àwa sì pàdánù.

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nílé mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kùtà kanlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó tà wọ́n. Èmi náà ní, "Ẹnu rẹ tí kì í là, ṣé òní ló rí ọjọ́ tí yóò là?" Ó ní, "Mọ́mì, mo rí i. Kí ni kí n wá fi ojú tí mo fi rí i ṣe?" Ó bú sẹ́kún. Mo kàn jókòó tì í ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń sọdá ojú irin bọ̀, Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn ló ṣíwájú. Mo ti fẹ́ ti ìlẹ̀kùn nígbà tó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kípà wà nílé?" Ó ní àwọn fẹ́ lọ bá àwọn àdúgbò tó kù díje, kípà tàwọn sì máa ń sá fún bọ́ọ̀lù. Jẹ́jẹ́ yọjú láti yàrá, ó ní òun yóò bá wọn lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ òun náà. Wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé ní òkè níbí. Àwọn kan lé wọn. Àwọn kan fa ojú ro, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn.

Láná mo yọjú sí pápá. Wọ́n ti da òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n sì pín ara wọn gbá bọ́ọ̀lù. Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn tún gbá ọ̀kan bẹ́ẹ̀, eruku tún sọ, ariwo sì bẹ́. Ni ẹnì kan bá ní, "Ẹ bi Jẹ́jẹ́." Jẹ́jẹ́ ní, "Kò wọlé." Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn tó gbá a kò jiyàn. Ó lọ gbé bọ́ọ̀lù wá, ó sì gbé e fún un kó gbá a jáde.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù. Fi ẹnu ko ọmọ eléyín tuntun yẹn lẹ́nu fún mi, kí o sì ṣọ́ra fún eyín rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní kí n kí ọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló sọ.

Èmi ni tìrẹ, tí orúnkún ṣì ń dùn,

Aránṣọ.