Ẹ̀yìnkùlé Màmá Modúpẹ́ Oríọlá ní Ìjù (1951–2025)

Ìsìkàn ní ìlú Àkúrẹ́ ni a bí Màmá wa, Olóògbé Modúpẹ́ Oríọlá, sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1951. Bàbá wọn ni Olóògbé Májẹ́kódùnmí, àgbẹ̀ olókòkó tí kì í pẹ́ bínú. Ìyá wọn ni Olóògbé Ìbídùnní, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó. Èmi Fẹ̀yìntọlá, àkọ́bí Màmá, ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn yìí. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn wo fọ́tò kí ẹ wá fi ìwé ètò ìsìnkú yìí ṣe abẹ̀bẹ̀. Ẹ kà á dópin kí a tó lọ síbi sàréè, nítorí ọ̀rọ̀ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó lè jẹ́ pé ilé yín ló wà.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsìkàn ní ọdún 1957. Ní 1965, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Oǹdó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́wàá. Gbogbo Sátidé ni ìyá àgbà ń mú wọn lọ sóko ẹ̀gẹ́, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Màmá ò fi àṣà yẹn sílẹ̀ títí ayé wọn. A máa ń tijú bí wọ́n bá gbé ẹ̀gẹ́ sí imú lọ́jà.

Ní 1972, Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àkúrẹ́, ní 1976 wọ́n sì gba iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá wọn àkọ́kọ́ fi wọ́n sí ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nítorí pé obìnrin ni wọ́n. Màmá tẹ̀wé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàtà òjò ni wọ́n wọ̀ wá sí ọ́fíìsì, wọ́n ní oko làwọn ń lọ. Ọ̀gá bá gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà fún ẹlòmíràn.

Ní 1978, Màmá fẹ́ Bàbá wa, Olóògbé Akíntóyè Oríọlá, tíṣà láti Ọ̀wọ̀. Ìjàpọ̀ Ẹ̀sítéètì ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti tọ́ wa, kí wọ́n tó kọ́ ilé sí Ìjù, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní 1999. Bàbá fẹ́ràn aṣọ funfun, Màmá sì ń kó ẹrẹ̀ oko sínú mọ́tò. Ìjà tí a gbọ́ nínú ilé wa kò ju ìyẹn lọ. Bàbá sùn nínú Olúwa ní 2014.

Ìjọ Áńgílíkà ni Màmá ń lọ, wọn kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìkórè ọdún 2010, nígbà tí àwọn èèyàn ń gbé iṣu ńláńlá wá síwájú pẹpẹ, ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà ni Màmá gbé wá nínú ọ̀rá. Òórùn gba ṣọ́ọ̀ṣì kan. Inú àlùfáà ò dùn rárá, ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn àgbẹ̀ kò ní pé jọ báyìí mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n yáa wo ohun tó ń bọ̀ wá bá wọn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́dún náà ni àrùn kan wọ oko ẹ̀gẹ́ ní Ìjù. Ewé á tutù yọ̀yọ̀ lókè, ẹni tó bá fà á á wá bá omi rírùn nísàlẹ̀. Màmá fẹ̀yìn tì ní 2011, a rò pé wọ́n fẹ́ sinmi. Àṣé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni! Wọ́n ṣa èso ẹ̀gẹ́, kì í ṣe igi rẹ̀, láti oko méjìlá, wọ́n gbìn ín, ọ̀ọ́dúnrún ló hù. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àbàtà, níbi tí àrùn náà ti le jù. Àwọn ará Ìjù sọ wọ́n ní Màmá Ẹ̀gẹ́, àwọn kan ní orí wọn ti dàrú. Ọdọọdún ni Màmá ń fà wọ́n wò. Èyí tó bá jẹrà, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á dáná sun igi rẹ̀. Ní 2019, ó ku mẹ́rin. Ní 2022, ó ku ẹyọ kan, nọ́ńbà kẹtàdínlógún.

Dókítà Ayọ̀bámi, olùkọ́ yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ tó ń pe Màmá ní ìyá, ló ń bá wọn yẹ ẹ̀gẹ́ náà wò. Ó ní kí àwọn kéde rẹ̀. Màmá kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní fún àgbẹ̀ kankan ní ohun tí kò tíì dá àwọn lójú, ó ku àsìkò òjò méjì tí àwọn fẹ́ fi dán an wò. Màlúù ti jẹ oko àbàtà náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà Màmá kó nọ́ńbà kẹtàdínlógún wá sí ẹ̀yìnkùlé ilé, ogójì ìdí, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ èyí tó ṣáájú. Èyí tí Dókítà gbìn sọ́dọ̀ tirẹ̀ kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ogójì yẹn nìkan ló kù láyé, òjò ọdún yìí ni Màmá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.

Láti 2023 ni kíndìnrín ti ń yọ Màmá lẹ́nu. Àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ inú ìwádìí oògùn tuntun kan. Wákàtí kan gbáko ni Màmá fi bi àwọn dókítà náà ní ìbéèrè. Èèyàn mélòó? Àwọn wo ni kò ní gba oògùn gidi? Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé oògùn ló ṣiṣẹ́, tí kì í ṣe oúnjẹ? Dókítà kékeré kan rọra sọ pé Màmá lè bọ́ sáàárín àwọn tí kò ní gba oògùn gidi. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà máa ń gbin ẹ̀gẹ́ lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan káwọn lè fi wé e. Wọ́n fọwọ́ síwèé. Títí di òní, a ò mọ èyí tí wọ́n gbà, àbájáde ìwádìí náà kò sì tíì jáde.

Àbúrò mi Olúwatóbi ló wà pẹ̀lú Màmá ní Oǹdó. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn níbẹ̀ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, kò sí eegun tí kò lè dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún yìí, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, “Tóbi, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìnkùlé mi o.” Tóbi ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní tà á.” Màmá mi orí, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ni wọ́n sùn lọ.

Ilẹ̀ ni Tóbi rò pé Màmá ń sọ. Láti ìgbà tí ọ̀nà tuntun ti kọjá ní Ìjù, àwọn kan ti ń wọn ilẹ̀ kiri. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í ta ilẹ̀ tí sàréè ìyá rẹ̀ wà. Nítorí náà ni Tóbi ṣe ní àárín ẹ̀yìnkùlé gan-an la ó sin Màmá sí. Èmi àti àbúrò mi kejì, Yọ̀mí, ní ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́ pé òun nìkan ló ṣe é. Ní Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ gé ẹ̀gẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì fa ìdí rẹ̀. Oko àbàtà la rò pé ẹ̀gẹ́ tí Màmá ń dán wò ṣì wà. Ẹyọ kan ò jẹrà. Inú wa tiẹ̀ dùn, a fi ṣe gàrí, ó wà nínú oúnjẹ tí ẹ ó jẹ lónìí. Àwọn ará àdúgbò ṣa igi rẹ̀ lọ láti gbìn, torí ní ilẹ̀ wa kò sẹ́ni tó ń tọrọ igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Aṣọ pupa wà lórí ààtàn.

Lọ́jọ́ Ajé ni Dókítà Ayọ̀bámi wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó ní kí a jẹ́ kóun rí ẹ̀gẹ́ Màmá. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, orí yẹ̀pẹ̀ ló jókòó lé. “Ẹ̀gẹ́ dà?” Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún wa pé ogójì ìdí yẹn nìkan ló kù láyé. Yéè, a gbé! Ọdún mẹ́rìnlá iṣẹ́ ìyá wa, ọwọ́ ara wa la fi gé e. Tóbi ò jẹun gidi láti ọjọ́ náà. Bí ó bá kí yín tí kò wo ojú yín lónìí, ẹ má rò pé ìgbéraga ni.

A ti ń wá igi náà kiri. Ìyá Joy, aládùúgbò wa, gbé ìdì méjì, ó ti fi dáná. Ìdì kan dé Ìsìkàn, inú oòrùn la bá a, ó ti gbẹ pátápátá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé mẹ́ta gba ọ̀nà Oǹdó lọ, a ò mọ awakọ̀ rẹ̀. Ó ti pé ogún ọjọ́ lónìí, igi ẹ̀gẹ́ tí kò sí lábẹ́ ibòòji kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbé igi ẹ̀gẹ́ nílé wa, tàbí ẹ mọ ẹni tó gbé e, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ elésè àlùkò, ti Màmá ni. Ẹ má jù ú nù, ẹ má fi ṣọgbà, ẹ má gbìn ín mọ́ tiyín. Ẹ gbé e sí ibòòji kí ẹ pè wá. A ò ní bi yín pé ta ló ní kí ẹ gbé e.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ ni àwa ọmọ mẹ́ta, Fẹ̀yìntọlá, Olúwatóbi àti Yọ̀mí. Àwọn ọmọ-ọmọ, Títílọpẹ́, Ọláolúwa àti Adéọlá. Pẹ̀lú àwọn ẹbí Májẹ́kódùnmí ní Ìsìkàn àti ẹbí Oríọlá ní Ọ̀wọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọn sàréè, igi ẹ̀gẹ́ mẹ́rin ni wọ́n gé ṣe èèkàn sí igun rẹ̀. Wọ́n fa mẹ́ta sọ nù. Ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, Tóbi rí i pé ìkẹrin ti yọ ewé méjì. Ó fi èékánná ha á, ó sì pariwo orúkọ Màmá títí gbogbo wa fi sáré jáde. Dókítà ní gbòǹgbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, bí a bá hú u báyìí, ó lè kú. Igun apá òsì, níbi orí Màmá, ló wà. A ti fọ aṣọ pupa náà, a ti so ó mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè lónìí, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ dákun, ẹ wo ibi tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ sùn re o, Màmá Ẹ̀gẹ́. Tóbi ló máa dúró ní igun yẹn títí ẹni tó kẹ́yìn á fi lọ.