Wọ́n Bú Ọmọ Mi Torí Pé Ó Tún Gòkè

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Ìkòsí

Àlàájì rí mi lára lónìí. Àlùbọ́sà ló ń tà ní Mile 12, Kánò ló sì ti wọ ọkọ̀ òfúrufú bọ̀ lánàá. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń jẹ ẹran mi, ó ń bú páílọ́ọ̀tì.

"Baba, a ti fẹ́ balẹ̀, ló bá tún gbé wa sókè! Kò tiẹ̀ tètè bá wa sọ̀rọ̀. Ojo obìnrin!"

Kò mọ̀ pé Bísí ọmọ mi, tó ń bu omi fún un, ló wa ọkọ̀ náà. Mo ní, "Etí mi di, ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ, ó fi èébú kún un.

Bísí gbé ife kalẹ̀. "Àlàájì, èmi ni. Kùrukùru bo ilẹ̀. Ó níbi tá a lè sọ̀kalẹ̀ dé mọ. Tá ò bá rí ojú ọ̀nà tá a máa balẹ̀ sí níbẹ̀, òkè la ó kọ́kọ́ gbà, ká tó sọ̀rọ̀."

Mo rò pé yóò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àlùbọ́sà mi ńkọ́, tó ń jẹrà lọ́jà?"

Ìríra! Mo bi í bóyá òkú ń ta àlùbọ́sà, mo sì gba àwo ẹran lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó lọ, Bísí ní, "Daddy, gbogbo èrò ló bú mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè lọ́ra àtigòkè nígbà míì."

Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà. Irú èébú bẹ́ẹ̀ lè pa òun àti èrò...

Mo ní, "Máa gòkè. Tí Àlàájì bá wà níbẹ̀, gòkè lẹ́ẹ̀mejì."

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín, tó fa àwo ẹran náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.