Kókó Abẹ́ Ọmú Ìyáálé Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Ìyáálé ò jẹun lónìí. Ajá ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — ọdún mẹ́rin ló fi ṣáájú mi wọlé ọkùnrin yìí. Kókó abẹ́ ọmú ẹ̀ ti tó ọsàn báyìí. Mo tún fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Kò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Jẹjẹrẹ ni.
Dókítà ẹranko fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà, ó gbé e lọ yẹ̀ wò, ó padà wá jókòó. Ó ní ìgbà wo la ti rí i. Mo ní ó tó oṣù kan àbọ̀. Kí la wá ń ṣe látìgbà yẹn? Mo ṣàlàyé: nígbà tí ọmú tèmi wú lẹ́yìn ìbímọ, aṣọ gbígbóná ni nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi tẹ̀ ẹ́, ó sì rọ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìyáálé. Àràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń bá a ṣàwàdà pé àwa méjèèjì la jọ ń tọ́mọ. Dókítà obìnrin yẹn ò bú mi. Ó kàn ń kọ̀wé. Ì bá bú mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ọkọ mi ní a máa tọ́jú ẹ̀. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Nígbà tí mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ta ló ń jókòó tì mí?" Ìyá ẹ̀ tó wá kí wa ń bọ́ ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ẹ rọra o. Ọmọ tó kọ́kọ́ gbó bí ajá kó tó mọ 'màámi', ẹ tún fẹ́ kí olùkọ́ ẹ̀ pẹ́ láyé." A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tá a ti rẹ́rìn-ín pọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Èmi nìkan ni mo lọ gba èsì àwòrán àyà Ìyáálé. Ẹ̀dọ̀fóró mọ́ tónítóní. Tá a bá gé kókó náà, tá a sì ń fún un lóògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ó lè lo ọdún kan sí i, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Ìgbà yẹn ni dókítà bèèrè: "Ṣé ọmọ kékeré wà nílé?" Mo ní oṣù mẹ́sàn-án, ó ń rá. Ó gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀.
Oògùn yẹn á máa bá ìtọ̀ jáde, á máa bá ìgbẹ́ àti èébì jáde, fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn gbogbo abẹ́rẹ́. Ọmọdé ò gbọdọ̀ fara kàn án. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ò gbọdọ̀ nù ún. Ó ní àwọn kan máa ń ya ajá sọ́tọ̀.
Yàrá kan àti pálọ̀ la ní. Ìyáálé ti ń tọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ibẹ̀ náà lọmọ ń rá gbà, tó ń ti ìka bọnu.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo purọ́ fún ọkọ mi. Mo ní jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀fóró, kí dókítà fún un lábẹ́rẹ́ tó máa fi sùn lọ.
Tí mo bá sọ òótọ́, á ní òun á máa nù ún. Ó ń jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Tí mo bá sì ní rárá, èmi ni mo pa ajá ẹ̀, títí láé.
Ó ní, "Ó dáa." Ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Ọ̀la la máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ìyáálé jẹun lónìí — ó jẹ ẹ́ tán, ó tún lá abọ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ òní?

Ọjọ́bọ̀, 13
Abẹ́rẹ́ kan. Ọkọ mi gbé orí ẹ̀ lé itan títí ó fi lọ. Mo pọnmọ, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tá a délé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ọpẹ́ yẹn ni mi ò lè gbé mì. Mo jẹ́wọ́ láàárọ̀, bó ṣe ń wọ bàtà.
Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀."
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí mo purọ́, ló ti pe dókítà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mímí á máa dun ajá náà. Dókítà sọ gbogbo ẹ̀ fún un, àwòrán, ìtọ̀, ọmọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó de okùn bàtà kejì tán kó tó dáhùn. "Mi ò lè fẹnu ara mi sọ pé ká pa á. O ti bá mi sọ ọ́. Mo bá dákẹ́."
Ó dìde. Ó bèèrè bóyá kóun ra búrẹ́dì bọ̀.
Mo ní kó rà á.