Ìyá Ẹnjinníà

Màámi, ara mi dá ṣáṣá. Ní ọ́fíìsì wa, ẹ̀rọ ló ń bá wa ya àwòrán ilé báyìí; kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti yà á tán. Èmi ni mò ń tọ́jú yàrá rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń dán bíi dígí! Ẹ má bínú pé mi ò gbé ìpè fídíò yín lánàá. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi.

Ẹ ní àbúrò mi fẹ́ pa iṣẹ́ ìránṣọ tì, kó lọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé bíi tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí ará àdúgbò bá pè yín ní Ìyá Ẹnjinníà, ẹ máa rọra dáhùn.