Aṣọ Dúdú Nìkan Ni Mo Fi Sílẹ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara gbogbo yín le, pàápàá ìwọ nọ́ọ̀sì tí ò ń tọ́jú ara ẹlòmíràn láti àárọ̀ dalẹ́. Ara tèmi náà le. Ojú nìkan ló ń ṣe bí ojú àgbà, ìyẹn náà ni wọ́n sì sáré wá rò fún ọ.

Mo mọ ẹni tó sọ ọ́. Ìyá Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ni. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní mo ti ń fọ́jú, lo bá kọ̀wé pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n máa bọ̀ wá jókòó nílé rẹ. O ṣeun, ọmọ mi. Mi ò bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an. Lọ́yà kan gbé aṣọ dúdú wá pé kí n fi rán jákẹ́ẹ̀tì fún òun. Mo rán an, mo sì ń fi yangàn. Àfi ìgbà tó wọ̀ ọ́ bọ́ sínú oòrùn tí apá ọ̀tún ń dán, tí tòsì ò dán. Inú aṣọ ni mo yí síta lápá kan! Bó bá ti jẹ́ dúdú, inú àti òde ti di ọ̀kan lójú mi. Lọ́yà ò bínú. Ó kàn rọra sọ pé, "Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ sinmi." Ó dùn mí ju èébú lọ. Mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo tú apá náà, mo tún un rán.

Ọjọ́ náà ni mo ṣòfin fún ara mi pé mi ò gba aṣọ dúdú mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹgbẹ́ akọrin kan kó aṣọ dúdú wá fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ọkàn mi fà sí i gan-an. Síbẹ̀, mo mú wọn sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Afínjú, télọ̀ tí mo ti ń sọ láti kékeré rẹ pé ojú rírán rẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti tanlẹ̀. Ẹnu yà á. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Dúdú ti ju ojú mi lọ. Funfun ò tíì jù ú."

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, omi bọ́ lójú mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, mo sì ti mọ ìwọ̀n mi. Èyí tó kù sínú ìwọ̀n yẹn, bí ojú rírán rẹ̀ bá wọ́ bí irun báyìí, màá tú u. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ó ti dára tó fún arúgbó. Arúgbó kọ́ ló ń ránṣọ, èmi ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ. Kí àwọn ọmọ rẹ ṣorí kunkun sí ọ díẹ̀, kí o lè mọ bó ṣe ń rí.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀.

Àfikún: Aṣọ iṣẹ́ funfun tó wà nínú ẹrù tó bá lẹ́tà yìí wá, ẹ̀yìn ìgbà tí mo gba lẹ́tà rẹ ni mo rán an. Gbé e bọ́ sínú oòrùn, kí o yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde. Bí o bá rí ibì kan tó wọ́, máa bọ̀ wá fọwọ́ ara rẹ ti ṣọ́ọ̀bù. Bí o ò bá rí i, wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, kí o sì jẹ́ kí n ráyè ṣe tèmi.